ÒFIN TÍ Ó DÚRÓ SÍ ẸNU ỌGBÀ Ẹ̀WỌ̀N, ÒFIN ALÁGBÁRA NÌKAN NI



Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn káàkiri, tí a sì ti gbọ́ títí kan inú ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa pàápàá. Wọn a ní, “Olè ni. Apànìyàn ni. Ẹni tí ó ti ba ilé onílé jẹ́, ẹ̀tọ́ wo ni ó tún ń wá kiri? Bí wọn kò bá jẹ́ kí ó gbàdúrà bí ó ti fẹ́ nínú ẹ̀wọ̀n, ta ni ó ní kí ó ṣẹ̀?” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì rọrùn láti sọ, pàápàá fún ẹni tí olè ti kó ní ẹrù rí. Ṣùgbọ́n a fẹ́ wí i gbangba lónìí pé ọ̀rọ̀ tí ó léwu ni, àti pé ẹni tí ó bá ń sọ ọ́, ọgbà tí ó yí ilé òun fúnra rẹ̀ ká ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ ju àwa akọ̀wé lọ pé ewúrẹ́ kì í wá ibi tí ọgbà ti ga kí ó tó wọ oko. Ibi tí ó lọ sílẹ̀ jùlọ ni ó ń wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn tí ń fi agbára jọba ń ṣe. Wọn kì í kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ọba, tàbí bíṣọ́ọ̀bù, tàbí lémọ́mù àgbà. Ọwọ́ ẹni tí kò ní alágbàwí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé kórìíra, tí kò sí ẹni tí yóò ké nítorí rẹ̀. Nígbà tí ìwà náà bá sì ti di àṣà, wọn a gbé e jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n wá sí àárín ọjà. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òwe lásán ni a ń pa, a ó mú ẹ̀rí wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìdí méjì ni a fi yan ilẹ̀ náà. Èkíní, níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, tí wọ́n sì bá a dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ. Èkejì, nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà àwọn baba tiwa gan-an ti dúró níwájú adájọ́ òyìnbó, ó sì jàre. A ó dé orí ìyẹn láìpẹ́.

ỌDÚN KAN, OHUN MÉJÌ

Ní ọdún 1865 ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn pé kò gbọdọ̀ sí oko ẹrú mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ihò kan sílẹ̀ nínú òfin rere yìí. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí oko ẹrú, àfi gẹ́gẹ́ bí ìyà fún ẹni tí a bá dá lẹ́bi ọ̀ràn. Ihò náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ó gba ènìyàn púpọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1871, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Virginia wí i láìfi bò pé ẹlẹ́wọ̀n, ní gbogbo ìgbà tí ó bá fi wà ní ẹ̀wọ̀n, ẹrú ìjọba ni.

Ní ọdún 1871 kan náà, àwọn aṣòfin àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin mìíràn. Ẹgbẹ́ òkùnkùn kan tí à ń pè ní Ku Klux Klan ń pa àwọn ènìyàn dúdú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lóko ẹrú, wọ́n ń nà wọ́n, wọ́n ń sun ilé wọn, àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ sì ń wò wọ́n níran, bí wọn kò bá tilẹ̀ bá wọn lọ́wọ́ sí i. Òfin náà wá sọ pé ẹnikẹ́ni tí ẹni tí ó di àṣẹ ìpínlẹ̀ mú bá gba ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin fún un lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè pe onítọ̀hún lẹ́jọ́ ní kóòtù ìjọba àpapọ̀.

Ẹ wo bí ọdún kan ṣoṣo ti bí ohun méjì. Ọ̀kan sọ pé ẹlẹ́wọ̀n di ẹrú. Èkejì sọ pé aláṣẹ kò ga ju òfin lọ. Ó gbà ju 90 ọdún lọ kí àwọn méjèèjì tó pàdé, kí a tó mọ èyí tí yóò dá èkejì.

ẸJỌ́ THOMAS COOPER

Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville, lẹ́bàá ìlú Joliet, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ọkùnrin dúdú kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Cooper. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n fi dá a lẹ́bi, a kò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Nínú ẹ̀wọ̀n ni ó ti di Mùsùlùmí, nínú ìjọ tí Elijah Muhammad jẹ́ olórí rẹ̀ ní Chicago. Ó béèrè fún Àlùkùránì. Ó béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ra àwọn ìwé ẹ̀sìn òun, kí àwọn olùkọ́ ìjọ òun sì máa wá rí òun. Wọ́n kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Kátólíìkì àti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó wà nínú ọgbà náà ń ka Bíbélì wọn, tí àlùfáà wọn sì ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. Inú àhámọ́ àdágbé ni Cooper wà nígbà tí ó jókòó, tí ó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, tí ó pe Frank Pate, ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, lẹ́jọ́ ní ọdún 1962. Òfin 1871 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó dì mú.

Kóòtù àkọ́kọ́ lé e. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù kejì tún lé e ní ọdún 1963. Ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi lé e, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dúró lé. Àwọn adájọ́ náà kò gbọ́ ẹ̀rí kankan lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní àwọn ti rí i nínú ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan kọ pé ìjọ náà kì í ṣe ìjọ lásán, pé ẹ̀sìn kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ara, àti pé bíbì àwọn aláwọ̀ funfun ṣubú ni wọ́n ń lépa. Nítorí náà, kí Cooper padà sí yàrá rẹ̀.

A bi yín, irú ìdájọ́ wo ni èyí? Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà tó. Wọ́n ka ìwé, wọ́n sì dájọ́. Kí ó yé yín dáadáa pé kì í ṣe pé a gba ẹ̀kọ́ Elijah Muhammad. Ohun púpọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa àwọn aláwọ̀ funfun tí àwa kò jẹ́ fi ẹnu wa sọ, àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa náà kò sì jẹ́ pe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní ẹ̀sìn àwọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà níwájú adájọ́ kì í ṣe bóyá ẹ̀sìn náà dùn mọ́ òun nínú. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé aláṣẹ lè fún ẹlẹ́wọ̀n kan ní ìwé mímọ́ rẹ̀, kí ó sì fi ti ẹlòmíràn dù ú nítorí pé ẹ̀sìn rẹ̀ kò wu aláṣẹ?

Cooper kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1964, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá a lóhùn. Ìdájọ́ náà kò gùn rárá, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni. Àwọn adájọ́ náà ní bí ohun tí ọkùnrin yìí kọ sínú ìwé rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́, ẹ̀dùn rẹ̀ tọ́ sí ilé ẹjọ́. Kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì gbọ́ ọ. Kì í ṣe pé wọ́n sọ pé ó jàre. Wọ́n kàn sọ pé kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni. Síbẹ̀, ìpínrọ̀ kan yìí ni ó ṣí ilẹ̀kùn kóòtù fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n jákèjádò Amẹ́ríkà. Nígbà tí adájọ́ wá gbọ́ ẹjọ́ náà ní tòótọ́ ní ọdún 1965, ó pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí Cooper ní Àlùkùránì, kí wọ́n jẹ́ kí ó rí àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí ó sì máa lọ sí ìsìn. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi ọwọ́ sí i ní ọdún 1967. Cooper kò jáde kúrò lẹ́wọ̀n nítorí ẹjọ́ yìí, kò sì yẹ kí ó jáde nítorí rẹ̀. Ìyà ọ̀ràn rẹ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tún jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́.

“ÒṢÈLÚ NI, KÌ Í ṢE Ẹ̀SÌN”

Ẹ̀yin ará wa, gbólóhùn tí àwọn adájọ́ ọdún 1963 sọ yẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà ní ọdún 1930, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń rọ́ tẹ̀lé Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ojú ìfura ni àwọn aláṣẹ òyìnbó fi wo ọ̀rọ̀ náà. Àpéjọ ènìyàn dúdú tí òyìnbó kò pè, tí òyìnbó kò sì darí, kò lè jẹ́ ti Ọlọ́run lójú wọn. Ní ọdún 1932 wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Ìlú Bìní nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Lónìí, ìjọ tí ó ti ọwọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jáde kún ilẹ̀ wa, àwọn gómìnà sì ń lọ kúnlẹ̀ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ojú tí aláṣẹ ọjọ́ náà fi wò ó ni gbogbo ayé gbà, níbo ni àwọn ìjọ náà ìbá wà?

Ẹ fi ọkàn bá ohun tí a ń sọ lọ. Ìjọba tí a bá gbà láyè láti wo ìjọsìn kan, kí ó sọ pé “èyí kì í ṣe ẹ̀sìn, òṣèlú ni,” ìjọba náà yóò wo ẹgbẹ́ wa lọ́la, yóò sì ní “èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀tẹ̀ ni.” Yóò wo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ń béèrè iye tí ó tọ́ fún kòkó, yóò ní “èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbẹ̀, jàgídíjàgan ni.” Ìdà kan náà ni, ọrùn ni ó yàtọ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú bíi tiwa kò fi gbọdọ̀ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ó dà bí ẹni pé àwọn wòlíì, àlùfáà àti babaláwo nìkan ni ó kàn.

ÌLẸ̀KẸ̀ ÒRÌṢÀ NÍWÁJÚ ADÁJỌ́

A ti dé orí ìlẹ̀kẹ̀ tí a ṣèlérí. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé òrìṣà wọn. Wọ́n pa Ṣàngó mọ́, wọ́n pa Ọ̀ṣun mọ́, wọ́n pa Yemọja àti Ọbàtálá mọ́ lábẹ́ pàṣán olówó wọn. Láti Kúbà ni ẹ̀sìn náà ti bá àwọn ènìyàn rìn dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1993, nígbà tí ìlú Hialeah ní ìpínlẹ̀ Florida ṣe òfin kí àwọn olórìṣà má baà lè fi ẹran rúbọ, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fagi lé òfin náà, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, kì í sì í ṣe àánú ẹran ni ó mú kí àwọn aláṣẹ ìlú ṣe òfin náà, bí kò ṣe láti lé ẹ̀sìn kan ṣoṣo jáde.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1994, ọ̀rọ̀ náà wọ inú ẹ̀wọ̀n. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n olórìṣà ní ìpínlẹ̀ New York ní ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wọn. Bí a ti mọ̀ ọ́n nílé, olúkúlùkù òrìṣà ni ó ní àwọ̀ tirẹ̀: ti Ọbàtálá funfun, ti Ṣàngó pupa pẹ̀lú funfun. Àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò jẹ́ kí wọ́n fi í sí ọrùn. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìta a máa fi ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ṣe àmì ara wọn, pé bí ẹni tí ń bá wọn jà bá rí i, ìjà á ṣẹlẹ̀. Ẹjọ́ náà, tí à ń pè ní ẹjọ́ Campos, bọ́ sọ́wọ́ adájọ́bìnrin kan, Sonia Sotomayor, ẹni tí ó di ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ọdún 2009. Adájọ́ yìí kò fi ìbẹ̀rù àwọn wọ́dà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn béèrè pé, bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá fi ìlẹ̀kẹ̀ wọn sí abẹ́ aṣọ, tí ojú kankan kò rí i, ìjà wo ni yóò ti ibẹ̀ wá? Ó pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó sì tún sọ pé aláṣẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti ya ẹ̀sìn tí ó pè ní ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ojú rẹ̀ kò mọ̀, kí ó fi àyè gba ti àkọ́kọ́, kí ó sì fi du èkejì.

Àwa tí ó ń kọ ìwé yìí, ilé ìwé mísọ́n ni a ti kàwé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ìwà òkùnkùn ni ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà, pé kí á já a kúrò lọ́rùn ìyá wa àgbà. A jẹ́wọ́ pé ojú tì wá nígbà tí a ka ẹjọ́ yìí. Ẹlẹ́wọ̀n ní New York, tí kò fojú kan Ọ̀yọ́ tàbí Òṣogbo rí, ń bá ìjọba jà nítorí ohun tí àwa onílé ti sọ nù. Kì í ṣe pé a ní kí gbogbo yín padà sídìí òrìṣà. Onígbàgbọ́ ni àwa. Ohun tí a ń wí ni pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, àti pé bí adájọ́ ilẹ̀ òkèèrè bá lè fi ọ̀wọ̀ fún ìlẹ̀kẹ̀ àwọn baba wa lọ́rùn ẹlẹ́wọ̀n, kí ni yóò jẹ́ àwíjàre wa?

ÀWỌN TÍ Ó NÍ ÌLÚ KÒ NÍ RÓJÚ

Àwọn tí ń ta kò wá yóò sọ pé, “Bí ẹlẹ́wọ̀n bá ń ṣe bí ó ti fẹ́ ní orúkọ ẹ̀sìn, ọgbà ẹ̀wọ̀n á dàrú.” A kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ẹni tí ń ṣọ́ apànìyàn nílò ìṣọ́ra, ó sì yẹ kí òfin fún un ní àyè. Àwọn kóòtù Amẹ́ríkà pàápàá fún wọn, nígbà mìíràn ní àfúnjù. Ní ọdún 1987, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní New Jersey bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ti ibi iṣẹ́ padà wá kí ìrun Jímọ̀, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní kí àwọn wọ́dà ṣe bí ó bá ti tọ́ lójú wọn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí ni àwọn aṣòfin wá rí i pé òṣùwọ̀n náà ti tẹ̀ sí apá kan jù. Nígbà tí ó di ọdún 2000, wọ́n ṣe òfin tí ó sọ pé aláṣẹ ẹ̀wọ̀n tí ó bá fẹ́ dí ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdí pàtàkì wà, àti pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó rọrùn ju èyí lọ.

Ẹ wo bí òfin náà ti ṣiṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Arkansas, Mùsùlùmí kan, Gregory Holt, ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún, fẹ́ dá irùngbọ̀n tí kò gùn ju ìdajì íǹṣì lọ. Àwọn aláṣẹ ní ó lè fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí ó ní àrùn awọ ara dá ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, irun orí sì wà lórí gbogbo wọn, tí ó gùn ju irùngbọ̀n náà lọ, tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n fá a. Ó lé ní ogójì ìpínlẹ̀ tí ó fi àyè gba irú irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀ láìséwu. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2015, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dá Holt láre. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Arkansas kò wó. Kí ni wọ́n ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá?

Ṣùgbọ́n a kò ní tan yín pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti di ọ̀run. Òfin tí kò ní eyín, bí ẹni fi ìwé bo iná ni. Ní ọdún 2020, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ẹ̀wọ̀n ọkùnrin Rásítá kan, Damon Landor, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí ó parí. Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ Násírì, irú èyí tí ẹ ń kà nínú Bíbélì nípa Sámúsónì, irun rẹ̀ sì ti ta bíi ti dàda fún nǹkan bí ogún ọdún. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rò ó nínú ẹjọ́ rẹ̀, ó fi ìwé ìdájọ́ kóòtù lé wọ́dà lọ́wọ́, ìdájọ́ ọdún 2017 tí ó sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fá irú orí bẹ́ẹ̀. Wọ́dà náà gbé e jù sínú agolo ìdọ̀tí. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ àga, àwọn méjì dì í mú, wọ́n sì fá orí rẹ̀ kodoro. Ní ọdún 2023, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà gidigidi, ṣùgbọ́n ó ní òfin ọdún 2000 kò fún òun ní agbára láti mú kí àwọn wọ́dà náà san owó ìtanràn láti inú àpò ara wọn. Landor gbé ẹjọ́ náà dé iwájú ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún wa ni pé kíkọ òfin sílẹ̀ nìkan kò tó. Bí ẹni tí ó rú òfin kò bá ní san ohunkóhun, inú agolo ìdọ̀tí ni yóò máa ju ìwé ìdájọ́ sí.

ILÉ NI A Ń WÒ KÍ A TÓ SỌ ỌMỌ LÓRÚKỌ

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé wàyí. Ní ọdún 1958, ìgbìmọ̀ tí Willink jẹ́ alága rẹ̀, tí ó ṣe ìwádìí ìbẹ̀rù àwọn ẹ̀yà kékeré, dábàá pé kí a kọ àwọn ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sínú ìwé òfin ilẹ̀ wa kí òmìnira tó dé. A kọ ọ́ sínú ìwé òfin ọdún 1960. Ó wà nínú ti ọdún 1999 tí a ń lò, ní ẹ̀ka 38, pé olúkúlùkù ènìyàn ní òmìnira èrò, òmìnira ẹ̀rí ọkàn àti òmìnira ẹ̀sìn, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ ka ẹ̀ka náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kò ní rí i níbẹ̀ pé “olúkúlùkù, àfi ẹlẹ́wọ̀n.” Ẹ̀ka 45 gbà pé a lè fi òfin dín in kù nítorí ààbò ìlú, àlàáfíà àti ìlera. Ṣùgbọ́n òfin ni ó sọ, kò sọ ìbínú wọ́dà. Ẹ̀ka 46 sì ní ẹnikẹ́ni tí a bá fi irú ẹ̀tọ́ yìí dù lè gba ilé ẹjọ́ gíga lọ.

Ẹ tún ro èyí wò. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ wa tí kóòtù kankan kò tíì dá lẹ́bi. Ìdájọ́ ni wọ́n ń retí. Òmíràn nínú wọn, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀. Òmíràn, ibi tí wọ́n ti ń kó ènìyàn ní òru ni ó kọjá. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé “olè ni, apànìyàn ni,” ta ni a ń bá wí? Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ, ìwọ àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí, tí ó bá aládùúgbò jà lórí igi kòkó mẹ́ta, tí ọlọ́pàá sì mú un lọ. Ǹjẹ́ ìwọ yóò fẹ́ kí ẹnìkan já tẹ̀sùbáà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí ó gba Bíbélì rẹ̀, tàbí kí ó tú ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sí i lọ́rùn, kí ó sì ní ẹlẹ́wọ̀n kò ní ẹ̀tọ́?

Inú wa dùn pé ìpínlẹ̀ bí Ọ̀ṣun ti ya ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣẹ̀ṣe. Ṣùgbọ́n ọlá tí a bá ṣe fún ẹ̀sìn ní gbàgede, tí kò bá wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọlá ojú ayé ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, kí ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀ máa fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹ̀sìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá wọlé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti wí i, kí ọ̀gá kankan má sì ṣe bá a yan ẹ̀sìn. Èkejì, kí ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí fún pásítọ̀ ṣí fún lémọ́mù, kí ó sì ṣí fún babaláwo, lábẹ́ àyẹ̀wò kan náà. Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ yìí mọ́lẹ̀ fi owó oṣù ara rẹ̀ san án, kí ó má ṣe jẹ́ owó orí tí ẹ̀yin ń san ni a ó fi san gbèsè ìwà ìkà rẹ̀. Ẹ gbé ohun mẹ́ta wọ̀nyí lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Nígbà tí ẹni tí ń du ipò aṣòfin bá dé àgbàlá yín tí ó ń pín iyọ̀ àti aṣọ, kí ẹ gba iyọ̀ náà bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó lọ.

Àwọn Onígbàgbọ́ ní àárín yín rántí pé Pọ́ọ̀lù àti Sílà gbàdúrà, wọ́n sì kọrin ní òru nínú ẹ̀wọ̀n Fílípì, tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú àbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n máa yọ́ lọ, Pọ́ọ̀lù kọ̀. Ó ní wọ́n ti nà àwọn ní gbangba láìdá àwọn lẹ́jọ́, ọmọ ìlú Róòmù sì ni àwọn, kí àwọn aláṣẹ fi ẹsẹ̀ ara wọn wá mú àwọn jáde. Àwọn Mùsùlùmí rántí pé inú ẹ̀wọ̀n ni Ànábì Yúsúfù ti pe àwọn méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ sínú ìsìn Ọlọ́run kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́wọ̀n kò ní ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn ni, ìbá ti pẹ́ tí wọ́n ti pa àwọn wọ̀nyí lẹ́nu mọ́.

Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí pàṣán bá sọ̀kalẹ̀ láti àjà kí ẹ tó béèrè ẹni tí ó gbé e síbẹ̀.